Má Jẹ́ Kí Ó Fi Gọ́ọ̀mù Lẹ Eyín Mọ́ Ọ Lẹ́nu

Èrúwà,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Múlíkátù, Àníkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìkíni mi kò ní gùn, nítorí ọkàn mi kò balẹ̀. Bí ìwé yìí bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, jókòó kí o kà á tán kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

O mọ̀ pé èmi kì í kọ̀wé. Purámárì fóò ni mo kà dé tí wọ́n fi ní kí n wá máa ran ìyá mi lọ́wọ́ nídìí gààrí, lẹ́tà tí mo sì ti kọ láyé mi kò tó márùn-ún. Ibi tó bá wọ́, bá mi nà án. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ lórí fóònù. Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́rú, Ìyá Sákírá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ló jókòó tì mí, bí mo bá sì la ẹnu sọ ọ́, gbogbo agboolé ni yóò gbọ́. Ìyàwó tuntun ni mí nínú ilé yìí, bí irun orí mi tilẹ̀ ti ń funfun. Ojú ń tì mí. Gbogbo ohun tí mo rí sọ kò ju "hẹ̀n-ẹ́n, hẹ̀n-ẹ́n" lọ, ìwọ náà sì rò pé mo ti fọwọ́ sí i.

N kò fọwọ́ sí i, Múlí.

O ní: "Màámi, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ eyín mi mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan mọ bàbá kan nítòsí gáréèjì tó máa ń lẹ eyín. Ọ̀sán Àìkú ló ní kí n wá. Kò ní tó wákàtí kan. Tí mo bá wọ kíláàsì ní Mọ́ńdè, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé eyín kan ò sí níbẹ̀." O wá rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ lo fi bo ẹnu tí o fi rín in. Mo mọ ìró ẹ̀rín tí ọwọ́ bò, nítorí òun ni èmi náà ti ń rín kí wọ́n tó bí ọ.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tíṣà tí o máa bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè yìí ni o ti ń bẹ Ọlọ́run fún láti ìgbà tí o ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ. Mo mọ̀ pé o kò fẹ́ kí àwọn ọmọ kékeré máa pè ọ́ ní Àǹtí Aláìléyín. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ọjọ́ kan ṣoṣo ni èmi náà fi ra ìyà ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ìwé yìí wà fún nìyẹn. Má jẹ́ kí ọkùnrin yẹn fi ọwọ́ kan ẹnu rẹ. Màá sọ ìdí rẹ̀ fún ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àní àwọn tí ojú ń tì mí láti sọ.

Èkínní. Mo bínú sí ọ nígbà tí o fi eyín ṣí ìgò mínírà níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ti ń bá ọ yọ̀, tí eyín iwájú fi kán débi pé wọ́n ní láti yọ gbòǹgbò rẹ̀ ní ọsibítù. Mo pariwo lé ọ lórí. Ẹnu wo ni mo fi pariwo? Nígbà tí mo wà ní ọmọge ní Ìgangan, ẹkùrọ́ ni mo fi ń dánra. Àwọn ẹgbẹ́ mi á gbé òkúta lé òkúta, wọ́n á máa pa ẹkùrọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èmi á ju tèmi sẹ́nu: kó! Ó ti là. Wọ́n á ní, "Sàráfá eyín irin!" Inú mi á dùn, màá tún ju òmíràn sí i. Wọ́n tilẹ̀ máa ń kó tiwọn wá fún mi kí n bá wọn là á, bí ẹni pé ẹ̀rọ ni mí. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ "kó," ṣùgbọ́n ẹkùrọ́ kò là. Wọ́n ń wò mí lójú. Mo gbé eyín tó kán náà mì, mo sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, n kò sọ fún ìyá mi. Mo fi áṣáà tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí áṣáà kò ràn án, mo bu ẹ̀tù ìbọn díẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi tó ń ṣọdẹ, mo kó o sínú ihò eyín, ó sì bó gbogbo ìdí eyín mi bí ẹni fi omi gbígbóná bó adìẹ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú tó báyìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yọ ti àkọ́kọ́, eyín iwájú lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí tìrẹ wà gan-an.

Tìrẹ ti kán, kò sí ohun tí a lè ṣe sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀kànlélọ́gbọ̀n ló ṣẹ́ kù sí ọ lẹ́nu. Oúnjẹ ni kí o fi wọ́n jẹ. Wọn kì í ṣe ọ̀bẹ, wọn kì í ṣe òkúta ìpa-ẹkùrọ́. Bí ọ̀kan bá sì ń dùn ọ́, wí fún ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀. Àwọn àgbà ní inú ni ẹ̀jẹ̀ wà tí a fi ń tu itọ́ funfun. Ọmọ mi, ní ti ẹnu, tu ẹ̀jẹ̀ náà jáde kí wọ́n rí i.

Èkejì ni èyí tó ń lé oorun lójú mi láti ọjọ́rú. Nígbà tí bàbá rẹ fẹ́ gbé mi níyàwó, ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n ṣe nìkáà, àlàfo eyín wà níwájú ẹnu mi, gbayawu. Mo ti kọ́ bí a ti ń fi ìborùn bo ẹnu sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n báwo ni ìyàwó yóò ṣe bo ẹnu lójú gbogbo àna? Lọ́jọ́ ọjà Igbó-Ọrà, mo rí ọkùnrin kan tó gbé dígí kọ́ ara igi, tó kó eyín sínú agolo mílíìkì bí ẹni tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀. Mo rọra sún mọ́ ọn.

"Ìyàwó, yanu."

Mo ní, "Ṣé kò ní dùn mí?"

"Kí ló máa dùn ẹ́? Ṣé o rí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi ni?"

"Ṣé mo lè fi jẹ ẹran?"

"Fi jẹ eegun!" Ó rẹ́rìn-ín, àwọn tó dúró wò wá náà rẹ́rìn-ín. "Títí o ó fi bí àbíkẹ́yìn, kò ní mì."

Ó po nǹkan kan bí ẹ̀kọ tútù, ó ń rùn bí ọ̀dà. Ó lẹ eyín náà mọ́ méjì tó wà lọ́tùn-ún àti lósì, ó fi fáìlì ha á, ó sì gbé dígí sí mi lójú. Múlí, n kò ní purọ́ fún ọ: mo rẹwà. Mo rẹ́rìn-ín délé. Mo rẹ́rìn-ín níbi nìkáà mi débi tí ìyá mi fi ní, "Sàráfá, ó tó, ìyàwó kì í fẹyín báyìí."

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni òórùn bẹ̀rẹ̀. Gọ́ọ̀mù náà ti bo orí ìdí eyín, oúnjẹ ń wọ abẹ́ rẹ̀, omi kò lè dé ibẹ̀, pákò kò lè dé ibẹ̀. Mo ń run orógbó, mo ń fi iyọ̀ fọ ẹnu, òórùn kò lọ. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, kò sọ̀rọ̀ kan tí ó le sí mi rí. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọjú sí ògiri tó bá fẹ́ sùn. Mo mọ ìdí rẹ̀. Òun náà mọ̀ pé mo mọ̀. A gbé inú ilé bẹ́ẹ̀.

Mo padà lọ sí ọjà. Igi wà níbẹ̀, dígí kò sí, ọkùnrin kò sí. Nígbà tí eyín ọjà náà máa fi jábọ́, méjì tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti ń mì bí òpó tí ikán ti jẹ. Àwọn méjèèjì bá a lọ. Mo wọ ọjà pẹ̀lú àlàfo ẹyọ kan, ó di mẹ́ta. Nígbà tí o fi wọ ilé ìwé, ó ti di mẹ́sàn-án. Ẹnu tí a kò tọ́jú, ọ̀kan ní í máa ń fa èkejì lọ́wọ́ jáde.

Ọkùnrin gáréèjì yẹn lè jẹ́ ènìyàn rere. Èyí tó ṣe tèmi, n kò rò pé ó fẹ́ pa mí lára, bí wọ́n ti kọ́ ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò ní wo eegun rẹ, kò ní wo ìdí eyín rẹ, kò sì ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

Ìkẹta. Èyí le láti kọ. Mo fi kálámù sílẹ̀ lọ fọ abọ́ kí n tó padà wá.

Ṣé o rántí pé nígbà tí o wà ní kékeré, bí mo bá bu oúnjẹ, ẹran mi á bọ́ sínú àwo rẹ? O máa ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ pé, "Ìyá mi ò lè rí ẹran kó má fún mi." Àwọn ará ilé á ní, "Ẹ wo abiyamọ!" Màá dákẹ́, màá gba ìyìn. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, Àníkẹ́, má ṣe àní-àní. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ibẹ̀ ni pé n kò lè jẹ ẹran náà. Bí mo bá fi sẹ́nu, yóò máa yí gbirigbiri ni. Ẹ̀fọ́ máa ń há mi lọ́fun. Ẹ̀pà, àgbàdo sísun, àgbọn, ọsàn pàápàá, gbogbo wọn ni mo pa tì. Ohun tó bá lè yọ̀ lọ sọ́fun ni mo ń wá: ẹ̀kọ tí mo da ṣúgà sí, búrẹ́dì tí mo rẹ sínú tíì, fùfú tí a kì í jẹ lẹ́nu. Inú mi ń kún, ara mi ń gbẹ. Lẹ́yìn ikú bàbá rẹ, gbogbo ènìyàn ní ìbànújẹ́ opó ló ń mú mi rù. Ìgbà tí mo ṣubú nídìí agbada gààrí, tí o sáré láti ilé ìwé wá, nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ mi kò tó. Ó bi mí pé, "Màmá, kí lẹ máa ń jẹ?" Mo ní, "Gbogbo nǹkan." Ìwọ lo dúró sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, o sì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, nọ́ọ̀sì, wọ́n máa ń jẹun gan-an." O rò pé o ń gbè mí lẹ́sẹ̀. Dárí jì mí.

Nítorí náà, eyín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Bí eyín bá kúrò, ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í yan oúnjẹ, kì í sì í mọ̀ pé òun ń yàn. Ìwọ tí ọ̀kan péré kúrò lẹ́nu rẹ, o sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé indomí lo ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, nítorí o kò fẹ́ kí nǹkan kan ibẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Èyí tó kàn, bóyá ìkẹrin ni, jẹ mọ́ Bàbá Ganí ọkọ mi. O bi mí nígbà tí o wá kí wa pé báwo ni òun ṣe ń ṣe mí, mo sì kàn ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀. Jẹ́ kí n sọ fún ọ báyìí.

O mọ àṣà wa pé ìyàwó tuntun kì í jókòó jẹun níwájú ọkọ àti ẹbí ọkọ. Oore ńlá ni àṣà yẹn ṣe fún mi, mo sì lò ó ní ìlòkulò! Bí mo bá gbé oúnjẹ Bàbá Ganí fún un tán, màá sá wọ kíṣìnì, màá ti ilẹ̀kùn, màá máa gbé ẹ̀kọ mi mì. Oṣù kan kọjá, oṣù méjì kọjá. Ìyá Sákírá bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyàwó tó ti tọ́mọ gba ìwé ẹ̀rí tíṣà ló ń sá fún ọkọ jẹun bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún! Ẹ bá mi wojú onítìjú!" Bàbá Ganí á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi í sílẹ̀. Ìwà tó sọnù láyé lẹ ń wò yẹn." Ó ń fi mí yangàn! Ó ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí pé obìnrin tí òun fẹ́ mọ ẹ̀kọ́ ilé. Bí ó bá ń sọ ọ́, inú mi á máa jó bí iná abẹ́ eérú.

Lọ́jọ́ kan ó ní kí n bá òun dé oko kí n lọ wo iṣu. Kò sí kíṣìnì lóko. Ó sun iṣu méjì lábẹ́ ahéré, ó ha á, ó là á, ó na èyí tó tóbi jù sí mi, ó sì jókòó kọjú sí mi bí ẹni tó fẹ́ wo ìran. Mo bu èyí tó rọ̀ nínú rẹ̀ díẹ̀. Ìyókù, nígbà tó bojú wẹ̀yìn, mo jù ú sínú igbó. Ó ró. Ó yíjú padà, ó wo igbó, ó wò mí.

Ó ní, "Sàráfá, iṣu mi ni kò dùn ni, àbí èmi ni kò dùn?"

Múlí, kí ni mo fẹ́ sọ? Ọkùnrin náà ti rò pé òun ni n kò fẹ́. Oṣù méjì ni ó ti ń rò ó láìsọ. Mo sunkún. Mo sì mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu, mo yanu sílẹ̀ fún un lábẹ́ oòrùn, gbogbo rẹ̀, bí ó ti rí.

Ó wò ó. Ó ní, "Ṣé nǹkan tí o ń torí ẹ̀ tilẹ̀kùn mọ́ mi nìyí?" Òun náà ki ìka bọ ẹnu, ó fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Wo tèmi lẹ́yìn. Mẹ́rin ti lọ. Mo rò pé o mọ̀, torí mo máa ń jẹ ẹran bí ewúrẹ́ ni." Ẹ̀rín pa mí nínú ẹkún. Ó fi ọ̀bẹ gé inú iṣu rírọ̀ fún mi, ó ń jẹ èèpo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e la wọ ọkọ̀ Ìbàdàn.

Ìmọ̀ràn tó wà nínú èyí kéré, ó sì tóbi: ohun tí o bá fi pamọ́ fún ènìyàn, yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ìtumọ̀ fún un, ìtumọ̀ náà yóò sì burú ju òtítọ́ lọ.

Ní ọsibítù eyín, ọmọbìnrin kan tí kò jù ọ́ lọ púpọ̀ ni dókítà. Ó ní, "Màmá, ẹ yanu. Ẹ yanu dáadáa, kò sẹ́ni tó máa bú yín níbí." Ó ya fọ́tò àgbọ̀n mi, ó sì fi hàn mí. Ó bi mí níṣẹ́ tí ọkọ mi ń ṣe, mo ní àgbẹ̀ oníṣu ni. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ ti rí ebè tí òjò ń wọ́, tí ẹnikẹ́ni ò kọ padà? Bí eegun tó di eyín mú ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí eyín bá ti kúrò. Kò níṣẹ́ mọ́, ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

Ó wá sọ fún mi nípa eyín kan tí wọ́n máa ń rì mọ́ eegun. Irin kékeré báyìí ni, wọ́n á yí i bọ inú eegun àgbọ̀n, wọ́n á fi sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí eegun fi lè dì mọ́ ọn bí ilẹ̀ ṣe ń di òpó mú, kí wọ́n tó gbé eyín lé e lórí. Kì í lẹ̀ mọ́ eyín ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì pa wọ́n lára.

Mo ní, "Ẹ ṣe é fún mi."

Ó mi orí. "Ebè tiyín ti lọ sílẹ̀ jù, Màmá. Ọ̀nà wà tí wọ́n fi ń kún eegun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni, ẹ̀jẹ̀ yín ò sì tíì tó. Ẹ jẹ́ ká ṣe èyí tó ṣeé yọ fún yín ná. Tó bá jẹ́ pé ẹ wá nígbà tí ó jẹ́ ẹyọ kan péré, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀."

Ẹyọ kan péré. Ṣé o gbọ́, Múlí? N kò tíì gbàgbé ohùn rẹ̀ tí ìwọ fi pè mí lọ́jọ́rú.

Eyín tó ṣeé yọ ni mo ń lò báyìí, òkè àti ìsàlẹ̀. Lálẹ́ màá yọ ọ́, màá fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, màá rẹ ẹ́ sínú omi tútù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé e sẹ́nu, mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gbé òkúta há ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ti ń mọ́ mi lára. Mo rò pé wàhálà ti parí. Nígbà tí mo padà lọ kí dókítà wò ó, ó ní, "Kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

"Ẹ̀kọ."

"Lánàá ńkọ́?"

"Búrẹ́dì àti tíì. Lọ́sàn-án, fùfú."

Ó fi kálámù lélẹ̀. "Màmá, eyín ti wọ ẹnu. Oúnjẹ ni kò tíì débẹ̀." Bàbá Ganí tó jókòó tì mí rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ẹnu mi ti gbàgbé. Mo ti bẹ̀rù ẹran pẹ́ débi pé n kò rántí pé mo ti ní ohun tí mo lè fi jẹ ẹ́.

Òun ló kọ́ mi bí ọmọdé. Ó ní nǹkan rírọ̀ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, nǹkan rírọ̀ tí kò ní agbára nínú ni. Kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ẹ̀wà tó jinná dénú, ẹja tí a ti yọ eegun rẹ̀, ẹ̀fọ́ tí a gé wẹ́wẹ́, ìbẹ́pẹ. Kí n gún ẹran tàbí kí n gé e kéékèèké. Kí n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì jẹ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, kí n má kánjú gbé e mì. Ìwọ tí eyín ẹ̀yìn rẹ pé, àwáwí wo lo ní? Gé oúnjẹ rẹ kí o fi eyín inú jẹ ẹ́. Fi indomí yẹn sílẹ̀. Tí wọ́n bá sì ri eyín mọ́ ọ lẹ́nu lọ́jọ́ iwájú, irin kọ́ ni yóò bọ́ ọ. Ohun tí o bá fi jẹ ni yóò bọ́ ọ.

N kò sọ pé dandan ni kó jẹ́ èyí tí wọ́n ń rì. N kò mọ ohun tó wà nínú eegun rẹ, owó rẹ̀ kò sì kéré. Dókítà lè ní èyí tó ṣeé yọ lo máa kọ́kọ́ lò. Gbà á. Ẹni tó bá ya fọ́tò rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ ni kí o gbọ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ńkọ́? Sọ fún wọn pé o fi eyín ṣí ìgò, ó sì kán. Ìdajì wọn ni eyín wọn ń yọ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ rẹ á yé wọn ju bí o ti rò lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn àsùbáà.

Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí. O ní, "Màámi, mo wà lójú ọ̀nà, màá pè yín padà." O kò pè. Mo ti pa ìwé yìí pọ̀, mo ń ronú ẹni tí màá fi rán, Bàbá Ganí ní, "Tí kò bá tètè dé ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Àìkú ni ọ̀la." Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. O mọ̀ pé n kò dá wá bá ọ ní Ìbàdàn rí.

Mo wọ inú yàrá, mo di aṣọ méjì. Ìyá Sákírá rí mi lọ́nà àbájáde: "Ìyàwó, níbo?"

Ohun tí mo máa ń sọ ni "ibì kan ni o." Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ ọ́, ketekete, lójú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀: "Ọ̀dọ̀ Múlí ni mò ń lọ. Eyín rẹ̀ ló yọ, ẹnì kan sì fẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ òmíràn mọ́ ọn, bí wọ́n ṣe ba tèmi jẹ́ kí n tó máa lo èyí tó wà lẹ́nu mi yìí."

Ó wò mí. "O rò pé mi ò mọ̀ ni? Ìyàwó tó máa ń rẹ́rìn-ín sínú ìborùn! Dúró." Ó wọlé, ó sì di mọ́ínmọ́ín mẹ́fà fún mi, ó ṣì ń gbóná. "Sọ fún un pé kó jẹ ẹ́ tán. Àti ìwọ náà."

Inú ọkọ̀ ni mo ti ń kọ ìyókù yìí, orí orúnkún mi, ìdí nìyẹn tí ó fi rí bó ti rí. Èmi fúnra mi ni yóò fi í lé ọ lọ́wọ́, màá sì jókòó tì ọ́ títí o ó fi kà á tán. N kò lè sọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo lè jókòó. Ọ̀la Àìkú, ilé rẹ ni èmi àti ìwọ yóò wà láti àárọ̀. Mọ́ńdè, màá bá ọ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, màá kí ọ̀gá yín, màá sì bẹ̀ ẹ́ fúnra mi pé kó fún ọ láyè wákàtí díẹ̀ ní Túsìdeè, kí n mú ọ dé ọ̀dọ̀ dókítà mi.

Ó ku èrò kan kí ọkọ̀ wa gbéra. Lọ́la, má jáde nílé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sàráfátù.